Dídá Wọ Dánfó l'Ékòó

Ìbẹ̀rù dídá wọ ọkọ̀ èrò l'Ékòó kì í sábà jẹ́ ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ariwo ibùdókọ̀ ló ń já àlejò láyà. Kọ̀ńdọ́ á máa pe Òṣòdì, Ọbáléńdé, lọ́nà tí etí tuntun kò ní tètè dá mọ̀. Bọ́ọ̀sì BRT, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008, ló rọrùn fún ìbẹ̀rẹ̀: ó ní ibùdó tirẹ̀, káàdì Cowry sì ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀. Ní ti dánfó, kí èrò ti wá ṣéńjì sọ́wọ́, nítorí "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ" kì í ṣe àwàdà. Bí ibi tó ń lọ bá kù díẹ̀, á ké "Ó wà o!" kí ọkọ̀ lè dúró. Igbe yìí gan-an ló ń ni onítìjú lára jù, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń wojú rẹ̀.