Asẹ́ ni ọ̀kan, aṣọ ìbora ni èkejì

  

Nínú oṣù kẹta, nígbà tí ooru ń mú gan-an, ìyá kan gbé ọmọ oṣù mẹ́rin wá bá wa. Aṣọ mẹ́ta ló fi wé ọmọ náà. Ara ọmọ gbóná, ẹnu rẹ̀ gbẹ, àwùjẹ̀ orí rẹ̀ ti jìn. A ní kó tú aṣọ, kó máa fún un lọ́mú léraléra, a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibà ni, a tọ́jú rẹ̀, ara ọmọ sì balẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ wá sọ pé: “Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní ojú ọ̀run ti lu, ihò yẹn ni ooru ń gbà wọlé. Kí lèmi lè ṣe sí ihò ojú ọ̀run?”

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n pò mọ́ra wọn fún un. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àkọ́kọ́ ni asẹ́. Lókè réré, bíi kìlómítà 15 sí 35 sí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní ozone. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sẹ́ ògì mọ̀ pé asẹ́ a jẹ́ kí ògì kọjá, a sì dá èèrí dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ozone ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kọjá, ṣùgbọ́n ó ń dá èyí tó pọ̀ jù dúró nínú ìtànṣán kan tí ojú kì í rí. Ìtànṣán yẹn ló ń jó awọ ara, tó lè fa jẹjẹrẹ awọ, tó sì lè mú kí ẹyin ojú funfun títí èèyàn ò fi ní ríran.

Ní 1985, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé asẹ́ yìí ti fẹ́lẹ́ gan-an lókè Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé pátápátá. Ibẹ̀ ni ihò tí wọ́n ń wí wà, kò sí lókè Atakpamé. Gáàsì CFC ló fà á jù, èyí tó wà nínú frigo àtijọ́ àti nínú agolo lọ́fínńdà tí wọ́n ń tẹ̀. Ní 1987, wọ́n ṣe àdéhùn ní Montréal, ní Kánádà, pé ká dáwọ́ rẹ̀ dúró. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ti fọwọ́ sí i, títí kan Togo wa. Asẹ́ náà sì ti ń san díẹ̀díẹ̀.

Èkejì ni aṣọ ìbora. Tẹ́ ẹ bá fi aṣọ bo ọmọ lóru, aṣọ yẹn kì í ṣe iná. Ooru ara ọmọ ló dì mú. Oòrùn a mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ a tú ooru padà sókè, àwọn afẹ́fẹ́ bíi carbon dioxide àti methane a sì dì í mú. Aṣọ fẹ́lẹ́ dáa. Bí kò bá sí rárá, òtútù ni ìbá pa wá. Ṣùgbọ́n bí ayé ṣe ń jó ẹ̀sáǹsì, gásóòlì àti èédú inú ilẹ̀, tí wọ́n sì ń pa igbó run, aṣọ náà ń nípọn. Àwọn ilẹ̀ ńlá oníléeṣẹ́ ló fi èyí tó pọ̀ jù síbẹ̀, kì í ṣe ààrò ìyá ẹlẹ́ja. Èyí ló ń mú kí ooru ayé máa lé sí i. Kì í ṣe ihò.

Frigo yìí náà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì dàrú mọ́ra wọn. Gáàsì HFC tí wọ́n fi rọ́pò CFC kì í ya asẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mú aṣọ nípọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n tún fi ṣe àdéhùn ní Kigali, ní Rwanda, ní 2016, láti dín in kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta omi tútù, bí frigo bá bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tún un ṣe kàn tú gáàsì rẹ̀ dà sí afẹ́fẹ́.

Kí ni ká wá ṣe nílé?

Ní ti oòrùn: bí asẹ́ òkè tiẹ̀ pé, oòrùn ọ̀dọ̀ wa le, torí agbedeméjì ayé la súnmọ́. Dúdú ara wa, asẹ́ kejì ni. Ẹ má fi ìpara abóra bó o kúrò. Ọmọ tó jẹ́ àfín, ẹ fún un ní fìlà tó fẹ̀ létí àti aṣọ alápá gígùn, ẹ jẹ́ kó jókòó síbòòji.

Ní ti ooru: aṣọ kan fẹ́lẹ́ tó ọmọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan, kó máa mu ún léraléra; kò nílò omi. Ọmọ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa fún un lómi kó tó béèrè. Ẹ má pọn ọmọ rìn lọ́sàn-án gangan. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí kò tọ̀, tó rọ jọ̀wọ̀lọ̀, tí ojú tàbí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Ó lè jẹ́ ibà. Ẹ má dúró sọ pé ooru lásán ni.

Ihò tó wà lókè, ayé ti pawọ́ pọ̀, wọ́n ń dí i. Aṣọ mẹ́ta tó wà lára ọmọ, ọwọ́ ìyá ló wà.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa.