Èlé Oṣù Tí Kò Tíì Wọlé



Àwọn ará wa púpọ̀ ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò ni wọ́n ti tọrùn bọ gbèsè èlé nítorí àìrówó ra ọjà. Nígbà tí Ọlọ́hun bá sì bù sí i fún wọn, ohun tí í kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni kí wọ́n san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ èlé tí ó kù. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ayánilówó, ẹnu a máa yà wọ́n: èlé tí wọ́n rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti wà nínú ìwé láti ọjọ́ kìíní.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Bí oníṣòwò kan ní ọjà Ìkòtún bá yá ₦240,000 fún oṣù 12, tí èlé rẹ̀ jẹ́ náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún náírà lóṣooṣù, tí wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo owó tí ó kọ́kọ́ gbà, ₦20,000 ojú owó àti ₦7,200 èlé ni yóò máa san lóṣù. Lẹ́yìn oṣù 8, ₦80,000 péré ni ó kù nínú ojú owó. Bí ayánilówó bá ní kí ó san gbogbo ohun tí ìwé wí, ₦108,800 ni yóò kà sílẹ̀. ₦28,800 nínú rẹ̀ jẹ́ èlé oṣù mẹ́rin tí owó náà kò ní sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó sáré san irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kò dín kọ́bọ̀ kù. Ó kàn kó owó ọjà fún olówó ṣáájú àkókò ni.

Ọ̀tọ̀ ni ti ayánilówó tí ń ṣírò èlé lórí ìwọ̀n tí ó kù. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ₦7,200 ni èlé oṣù kìíní, ti oṣù kejì ₦6,600, títí ti oṣù kẹsàn-án yóò fi di ₦2,400. Ẹni tí ó bá san án tán ní òpin oṣù kẹjọ, ₦6,000 èlé ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí í gba owó ìtanràn nítorí pé ẹni náà tètè san! Nítorí náà, kí ènìyàn tó tọwọ́ bọ̀wé ni kí ó ti béèrè iye tí wọn yóò gbà bí òun bá fẹ́ san án tán kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwọ̀fà ayé àtijọ́, bí ó ti burú tó, kò ní irú èyí nínú. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó ni ó dúró fún èlé. Ọjọ́ tí ojú owó bá pé sílẹ̀ ni ó bọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi í léèrè iṣẹ́ ọdún tí ń bọ̀.

Àwọn kan yóò ní àwọn ti kúrò nídìí èlé, pé báǹkì tí kì í gba èlé, bíi Jaiz tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2012, ni àwọn ń bá ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú múrábáhà, níbi tí báǹkì ti ra ọjà tí ó sì tún un tà ní àwìn pẹ̀lú èrè, iye tí wọ́n jọ dá ni gbèsè. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ fíkìhù ti àjọ OIC, tí ó jókòó ní Jidda ní ọdún 1992, fi àyè gba kí olùtajà bu díẹ̀ kúrò fún ẹni tí ó tètè san, bí wọn kò bá ti fi í ṣe àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ báǹkì ni inú rere yẹn wà. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ẹ, kí ó tọrọ rẹ̀ kí ó tó kó owó sílẹ̀.