Kí ẹ tó fi agbára kún ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ẹ yẹ ìlera rẹ̀ wò

  Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, torí náà bí ẹ bá rí i pé mo ń yán, ẹ má bínú.

Àbúrò mi kan, ọmọ àǹtí mi, ló fa ọ̀rọ̀ tòní. Ọmọ ọdún 22 ni. Ó ra BMW 328i ti ọdún 1997, ó sì ti tọ́jú £3,000 pamọ́. Ó ní, "Àǹtí, turbo ni mo fẹ́ fi sí i. Ẹ bá mi wá mẹkáníìkì tó mọṣẹ́." Mo ní kó jókòó ná.

M52 ni orúkọ ẹ́ńjìnnì yẹn. Sìlíńdà mẹ́fà ló ní, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan. Bí àwọn písítìnnì kan ṣe ń lọ sókè ni àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀, agbára wọn a sì pa ara wọn rẹ́. Ìdí nìyẹn tí kì í fi gbọ̀n. Lítà 2.8 ni, ó sì ní nǹkan bí agbára ẹṣin 190 nígbà tó jáde tuntun. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: nígbà tó jáde tuntun.

Èmi náà ti ní irú ọkọ̀ yẹn rí. Ohun tí mo kọ́kọ́ náwó lé ni manifold ti M50, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tó ṣáájú M52. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nínú rẹ̀ fẹ̀ ju ti M52 lọ, torí náà ẹ́ńjìnnì a máa mí dáadáa tó bá ń sáré gan-an. Ó máa ń dín agbára kù díẹ̀ tó bá ń yí jẹ́jẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n tún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tò kẹ́ ẹ tó lè jẹ àǹfààní rẹ̀ tán. Mo ṣe gbogbo ẹ̀. Ọkọ̀ ń bú bíi kìnnìún, inú mi ń dùn.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lórí M1, ni ọwọ́ géèjì ooru bá wọ ibi pupa. Mo ní máìlì mẹ́ta péré ló kù kí n dé ibi tí mo ti máa yà. Mo ń wa ọkọ̀ lọ. Ẹ wò ó, bí ara aláìsàn bá gbóná báyẹn lójú mi, ṣé mo máa ní kó sáré dé ibùdókọ̀ tó kàn ni? Abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù omi, tó jẹ́ ike, ló ti fọ́. Omi ò lọ káàkiri mọ́. Orí ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ alumíníọ̀mù wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì sì bàjẹ́. Pọ́ǹpù tí owó rẹ̀ ò tó £100 ló gbé odidi ẹ́ńjìnnì lọ.

Torí náà mo sọ fún àbúrò mi pé, "Jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn ìfúnpá inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan." Kì í ṣe nọ́ńbà ńlá la ń wá, bí kò ṣe kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sún mọ́ra. Nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Nikasil ni wọ́n fi bo inú sìlíńdà àwọn M52 tí wọ́n tà níbí ní Britain, imí ọjọ́ tó wà nínú epo bẹntiróòlù ayé ìgbà yẹn sì máa ń jẹ ẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá, a wọ̀n ọ́n. Sìlíńdà márùn-ún wà láàárín 170 sí 180 psi. Ẹ̀kẹta jẹ́ 125. A kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, a tún wọ̀n ọ́n, ó gòkè. Èyí fi hàn pé ara sìlíńdà tàbí àwọn òrùka písítìnnì ló ti jẹ, kì í ṣe fálífù. Ọmọ náà dákẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ká ní ó ti fi turbo sí i ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì yìí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dé 10.2 sí 1 kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Turbo á tún ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọlé. Bí wọn ò bá ṣètò epo àti iná rẹ̀ dáadáa, epo á gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó pé, ó sì lè lu písítìnnì jó.

Ní báyìí, ẹ́ńjìnnì míì tó yè kooro la ń fi owó yẹn wá. Tá a bá rí i, ohun tó kàn ni pọ́ǹpù omi tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin, rẹdiétọ̀ tuntun, thermostat àti àwọn rọ́bà omi. Lẹ́yìn náà ni manifold àti kọ̀ǹpútà. Bí owó bá tún wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, a lè wá sọ̀rọ̀ turbo. Ohunkóhun tó bá sì yí padà lára ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ fún iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀, torí tó bá fi pamọ́, wọ́n lè kọ̀ láti san owó lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé.

Àwọn ìyá wa máa ń sọ pé ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ́ńjìnnì náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́, kí lẹ kọ́kọ́ tún ṣe lára tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn. Ó dàbọ̀ o.