Ariwo Lẹ́sẹ̀ Iwájú Ọkọ̀

Nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ Land Rover, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì lè yí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, bá bẹ̀rẹ̀ sí í hùn, tí ó sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mẹkáníìkì ni pé bẹ́árìn ti lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Owó yóò lọ, ariwo yóò kù. Bí bẹ́árìn náà bá sì ti bàjẹ́ lóòótọ́, tí a kò kà á sí, taya lè yọ lórí eré. Ìwádìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú rírà.

Etí ni yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Bí eré bá ti ń pọ̀ ni ariwo bẹ́árìn ń pọ̀. Bí awakọ̀ bá yà sí ọ̀tún, ìwúwo ọkọ̀ yóò rọ̀ sí òsì. Bí ariwo bá ga sí i nígbà náà, ẹsẹ̀ òsì ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Taya tí ó jẹ gbágungbàgun náà a máa hùn bẹ́ẹ̀, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Kí a gbé taya iwájú lọ sẹ́yìn: bí ariwo bá bá a lọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Gbígbọ̀n tí ó ń wáyé ní ìwọ̀n eré kan ṣoṣo, tí ó sì ń rọlẹ̀ bí eré bá kọjá bẹ́ẹ̀, taya tí ìwúwo rẹ̀ kò dọ́gba ni ó sábà ń fà á.

Àwọn Land Rover àtijọ́ kan tún ní ẹ̀rí tí ọkọ̀ kéékèèké kò ní. A lè fi ọwọ́ yí ojú họ́ọ̀bù wọn, kí ṣáfúùtù iwájú má bá taya yí mọ́. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí a wa ọkọ̀, tí ariwo sì dákẹ́, bẹ́árìn ẹsẹ̀ kò jẹ̀bi, nítorí pé òun kò dẹ́kun yíyí. Ṣáfúùtù tàbí jíà iwájú ni kí a lọ wò.

Lẹ́yìn èyí, kí a fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà, kí a sì fi òpó irin ti ọkọ̀ dúró. Jáàkì nìkan kò ṣeé fi ẹ̀mí tẹ̀lé. Kí a di òkè àti ìsàlẹ̀ taya mú, kí a mì ín. Bí ó bá ń yẹ̀, kí ẹlòmíràn tẹ búréèkì mọ́lẹ̀. Bí yíyẹ̀ náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́árìn ni. Bí kò bá dúró, oríkèé tí ẹsẹ̀ fi ń yà sọ́tùn-ún sósì ni.

Síbẹ̀, yíyẹ̀ kì í ṣe ìbàjẹ́ ní gbogbo ìgbà. Bẹ́árìn méjì ni ó wà nínú họ́ọ̀bù Land Rover àtijọ́, nọ́ọ̀tì ni a sì fi ń fún wọn. Ó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀tì ni ó dẹ̀. Àwọn kan a fún un ní àfúnjù kí yíyẹ̀ lè tán pátápátá, ooru a sì ba bẹ́árìn tuntun jẹ́. Bí a bá tú u, tí ojú irin rẹ̀ ti jẹ kòtò-kòtò, kò sí gíríìsì tí yóò tún un ṣe. Ní ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, odindi ni a ń pa bẹ́árìn wọn dé. Kò sí nọ́ọ̀tì tí a ó fún, pípààrọ̀ ni.