Bíréèkì Wà, Ẹsẹ̀ Kò Lè Tẹ̀ Ẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)



Ẹ̀yin awakọ̀ ni n ó kọ́kọ́ bi. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò dúró, ṣé dandan ni kí bíréèkì ti bàjẹ́? Rárá. Ìgò lè há sábẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni DNA wà, bí ìwé àṣẹ. Àṣẹ kan níbẹ̀ ń jẹ́ p16. Òun ni bíréèkì tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì máa pín sí méjì láìnídìí. Èròjà kékeré kan sì wà tó ń jẹ́ mẹ́tílì, tí ara fi ń pa àṣẹ tí kò bá nílò lẹ́nu mọ́. Lára ẹni tó ti ń mu sìgá tipẹ́, mẹ́tílì lè lọ lẹ̀ mọ́ ẹnu p16. Kò ya ìwé, kò pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ó kàn dí i lẹ́nu ni. Sẹ́ẹ̀lì bá ń sáré.

Ní 1998, Steven Belinsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé p16 ti ń dákẹ́ nígbà tí ara ẹ̀dọ̀fóró ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà, tí kò tíì di jẹjẹrẹ. Ní 2000, wọ́n rí àmì rẹ̀ nínú kẹ́lẹ̀bẹ̀ àwọn kan ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí dókítà tó rí àrùn lára wọn. Ọdún mẹ́ta, ẹ gbọ́ o!

Mẹkáníìkì kan wà tí a jọ ṣiṣẹ́ rí. Nígbà tó kú, ọ̀gá ní sìgá ló pa á. Ọkùnrin náà kò mu sìgá rí! Kí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti Mayak ní Rọ́ṣíà: ní 2004 a gbọ́ pé bí plutonium tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gbà sára bá ṣe pọ̀ tó ni p16 tó dákẹ́ nínú jẹjẹrẹ wọn ṣe ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ náà ń dí bíréèkì. Ní 2012 ẹ̀wẹ̀, àjọ tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Àyẹ̀wò kẹ́lẹ̀bẹ̀ yìí kò tíì di ti gbogbo ilé ìwòsàn, nítorí náà ẹ má dúró de ikọ́. Ohun tí a ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ni fáànù tí yóò máa fa èéfín jáde ní gáréèjì, àti òfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, akọ̀wé wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé. Ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ kí ẹ tó máa lọ.