Ihò Ara Bọ́ńpà: Ṣé Ká Dí I Ni, Àbí Ká Ra Òmíràn?

Ìbéèrè tòní wá láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan tó ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé èrò. Ọ̀kadà gbá a lẹ́yìn, ihò sì yọ sí bọ́ńpà rẹ̀. Pẹ́ńtà kan ní òun á fi fíílà dí i kílẹ̀ tó ṣú. Ẹlòmíràn ní kó lọ ra tòkúnbọ̀. Mọ́tò yìí ló fi ń jẹun, ó fẹ́ mọ èyí tí owó òun ò fi ní wọgbó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí fíílà. Bọ́ńpà kì í ṣe irin. Ike ni, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní rọ́bà. Ó máa ń tẹ̀, á sì padà sípò. Fíílà tí wọ́n ń fi sára irin le gbagidi, kò mọ títẹ̀. Tí mọ́tò bá ti wọ kòtò mélòó kan, fíílà á là, á sì já bọ́ tòun tọ̀dà.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn bọ́ńpà, inú lọ́hùn-ún. Ẹ máa rí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí i. PP ló pọ̀ jù lára bọ́ńpà òde òní. ABS náà wà, ó wọ́pọ̀ lára ike ọ̀kadà. Méjèèjì ló ń yọ́ tí ooru bá tó, nítorí náà a lè jó wọn pọ̀ bí wẹ́dà ṣe ń jó irin. Àmọ́ PP ò ní bá ABS lẹ̀. Irú kan náà ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ lè gé e tẹ́ẹ́rẹ́ lára bọ́ńpà àlòkù tó ní lẹ́tà kan náà.

Kì í ṣe gbogbo ike ló ń yọ́ o. Trabant tí wọ́n ṣe ní ìlú Zwickau ní Jámánì, láti 1957 sí 1991, Duroplast ni ara rẹ̀: òwú tí wọ́n pò mọ́ oje kẹ́míkà, tí wọ́n wá fi ooru tẹ̀. Tó bá ti le, ó le nìyẹn. Irú èyí, oje epoxy àti aṣọ fáíbà la fi ń lẹ̀ ẹ́.

Ó yá, iṣẹ́ ọ̀hún rèé. Ẹ fi ọṣẹ fọ tinú tòde, kí gírísì kúrò, kó sì gbẹ. Tí ibi tó là bá ti ara ihò náà jáde, ẹ lu ihò kékeré bíi mílímítà 3 sí òpin rẹ̀, kó má baà là síwájú. Ẹ ha etí ihò náà kó dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Ẹ fi irin gbígbóná ri àwọ̀n irin tí kì í dípẹtà sínú ike náà láti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wá yọ́ ike tẹ́ẹ lọ́wọ́ lé e.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù: etí bọ́ńpà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ́ pẹ̀lú. Bí èyí tẹ́ẹ fi kún un nìkan bá yọ́, orí rẹ̀ ló jókòó sí, á ṣí. Tó bá sì ń rú èéfín dúdú, ooru ti pọ̀ jù. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kẹ́ ẹ bo imú. Lẹ́yìn náà, sáńpépà, lẹ́yìn rẹ̀ primer ti ike, kí ọ̀dà tó kàn án. Láìsí primer yẹn, ọ̀dà ò ní dúró lórí PP.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má gbàgbé èyí: awọ ìta ni ike yẹn. Fóòmù àti irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gba ìkọlù fún ẹni tẹ́ẹ gbé. Ẹ ní kí wọ́n tú bọ́ńpà, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Bí irin bá wọ́ tàbí fóòmù bá fọ́, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Bí ibi tí wọ́n fi ń so bọ́ńpà mọ́ra bá ti já dànù, ẹ ra òmíràn. Tó bá jẹ́ ihò nìkan, ẹ jó o.