Ẹ Fẹ̀dọ̀ Lé Orí Òróòro

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba lórí àrùn ẹ̀dọ̀, tí a ṣe fún àwọn ará Mowe, Ibafo àti Ìfọ̀

Mo mọ̀ pé ọjà ń dúró de àwọn kan, mo sì mọ bí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣe máa ń rí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè wọ inú ọ̀rọ̀.

Bí inú bá ń bí ènìyàn, tí a fẹ́ pẹ̀tù sí i lọ́kàn, a máa ń ní kó fẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Mo fẹ́ràn àkànlò yìí, nítorí ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti dú ẹran rí, ó sì ti la inú rẹ̀ wò. Bó ṣe wà nínú àgbò ló ṣe wà nínú ọmọ ènìyàn: ẹ̀dọ̀ wà lábẹ́ ìhà ọ̀tún, òróòro sì fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi kíkorò tí òróòro ń tọ́jú. Òun náà ló ń fọ májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń pèsè ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì bí abẹ bá gé wa lọ́wọ́. Bí ẹ̀dọ̀ bá wá ṣàìsàn débi pé kò lè kápá iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, àwọ̀ tó yẹ kó bá òróòro jáde á ṣẹ́rí padà sínú ẹ̀jẹ̀. Funfun ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú bíi tíì tí wọn kò bu mílíìkì sí. Ohun tí àwọn baba wa rí nìyẹn tí wọ́n fi sọ àìsàn náà ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀.

Orúkọ tó dára ni, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn gan-an ni mo wá bá jà níbí lónìí. Ó ti kọ́ wa pé ojú ni ká máa fi wá àìsàn yìí, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń pa wá jù nínú rẹ̀, ojú lè má rí i fún ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún.

Ọkùnrin kan wà tí mo mọ̀, awakọ̀ ni, Ìfọ̀ sí Abẹ́òkúta ló ń ná. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bí ọmọ kẹta, wọ́n ní kó wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó ká apá aṣọ sókè. Ara rẹ̀ le koko, kò rántí ìgbà tó ṣàìsàn gbẹ̀yìn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò ṣe é lò, pé àrùn ẹ̀dọ̀ wà níbẹ̀, kó máa lọ. Gbogbo àlàyé tí wọ́n ṣe fún un kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ti ya ife, wọ́n ti ya ṣíbí. Ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ àjẹkù bàbá mọ́.

Ó wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ojú ń tì í. Mo bi í pé ta ló ń fá orí fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní òun ni. Ní ọjọ́ Sátidé, òun a fá irùngbọ̀n òun tán, òun a wá fi abẹ kan náà fá orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Abọ́ tí kò lè kó àrùn rẹ̀ ran ẹnikẹ́ni ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Abẹ tó lè kó o ràn wọ́n, wọ́n jọ ń lò ó.

N kò dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi. Àwa ni a fi orúkọ kan ṣoṣo pe àìsàn márùn-ún. Àwọn kan ń pè é ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, àwọn kan ń pè é ní mẹ́dọ̀wú, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ló fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ náà: A, B, C, D àti E. Ẹ̀dọ̀ ni gbogbo wọn ń bá jà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ẹnu ọ̀nà kan náà kọ́ sì ni wọ́n ń gbà wọlé.

A àti E, ẹnu ni tiwọn. Ìgbẹ́ ẹni tó ní wọn lára ló ń dé inú omi, kí omi tó dé inú ife. Àwọn àgbà tó mọ Mowe àti Ibafo kí àwọn ará Èkó tó ya wọ ibẹ̀ mọ̀ pé abúlé oko ni wọ́n. Lónìí, lórí háàfù pùlọ́ọ̀tì kan, ẹ ó rí kànga, ẹ ó rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú ihò rẹ̀, ihò ti aládùúgbò sì wà lẹ́yìn ògiri. Bí òjò bá rọ̀, tí ilẹ̀ mu omi yó, omi abẹ́ ilẹ̀ kì í wo ìwé ilẹ̀ ẹnikẹ́ni kó tó kọjá. E yìí ló jà ní ìpínlẹ̀ Borno ní 2017, láàárín àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ó burú fún aláboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà. Ká se omi mu, ká fi ọṣẹ fọwọ́, ká gbẹ́ kànga jìnnà sí ṣáláńgá: ẹ ti gbọ́ ìyẹn rí, n kò ní í tún un sọ.

Ohun tí ẹ lè má tíì gbọ́ ni èyí. Púpọ̀ jù nínú àwọn tí A tàbí E bá mú, ara wọn á yá fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí B ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lára. Ara wọn á lé e jáde. Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀ láàárín wa. Ẹnì kan tí ojú rẹ̀ pọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wé-ọmọ, ó mu àgbo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú mọ́. Ẹlòmíràn gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, ojú tirẹ̀ náà mọ́. Ẹnì kẹta sùn sílé, ó ń mu ògì, ojú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ jẹ́rìí ògì? Báyìí ni ojú ṣe tún tàn wá jẹ nígbà kejì. Ẹni tí B bá jókòó sí lára, ojú rẹ̀ lè mọ́ bíi ti ọmọ tuntun, kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì máa jẹrà lọ.

Ẹni tó tú àṣírí B wá sí orílẹ̀-èdè yìí kó tó mọ̀ ọ́n. Baruch Blumberg, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, dé Nàìjíríà ní 1957, ó gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Fúlàní darandaran àti àwọn mìíràn. Àrùn ẹ̀dọ̀ kọ́ ló ń wá. Ìyàtọ̀ tí ènìyàn ń jogún nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń wá. Lẹ́yìn tó padà sílé, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà dán ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn láti onírúurú ilẹ̀ wò, ó sì bá ohun àjèjì kan pàdé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ kan ní Australia. 1965 ló kéde rẹ̀. Ó tó ọdún díẹ̀ sí i kó tó hàn pé ara fáírọ́ọ̀sì B ni ohun náà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1976, ọjọ́ tí wọ́n bí i, 28 oṣù keje, ni ayé sì fi ń ṣe àyájọ́ àrùn ẹ̀dọ̀. Ohun àjèjì yẹn gan-an ni àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní HBsAg ń wá lára yín títí dòní.

Mélòó ló ní in? Nínú àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, fún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, B wà lára 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún, C wà lára 1.1. Bí àwa tó jókòó síbí bá tó igba, tí a sì jọ àwọn ará ilé yòókù ní Nàìjíríà, àwọn tó ní B láàárín wa á tó mẹ́rìndínlógún. Ẹ má wo ojú ara yín. Kò sí lójú.

Ẹ̀jẹ̀ ni B fi ń rìn, àti ìbálòpọ̀, àti ìyá sí ọmọ lásìkò ìbímọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ara abẹ lè ní i nínú láàyè fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Nítorí náà, ẹ bá mi ro abẹ olóòlà tó dákọ fún ọmọ mẹ́ta láàárọ̀ kan. Ẹ ro gbẹ́rẹ́ tí wọ́n sín fún gbogbo agbo ilé lọ́jọ́ kan. Ẹ ro àwọn tó ń ká àdúgbò kiri tí wọ́n ń na sísọ́ọ̀sì ko-ko-ko, tí wọ́n ń gé èékánná àwọn awakọ̀ ní gáréèjì. Ẹ ro abẹ́rẹ́ kẹ́mísìtì. Jíjẹun pọ̀, dídì mọ́ra, sísùn lórí ẹní kan, kò sí ìkankan tó ń kó o ràn nínú wọn. Omi ọyàn pàápàá kì í kó o ràn. Kí ìyá tó ní B fọ́mọ lọ́mú.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí tí B bá ènìyàn ló ń sọ ohun tí yóò fi í ṣe, ibí yìí ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀. Àgbàlagbà ọgọ́rùn-ún tó bá kó o, kò tó márùn-ún tí yóò jókòó sí lára. Ọmọ ọwọ́ ọgọ́rùn-ún tó bá kó o lọ́jọ́ ìbí, nǹkan bí àádọ́rùn-ún ni yóò jókòó sí lára títí ayé. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ wọ ara ọmọ kó tó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún láyé. Àwọn yòókù á tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá.

Ọmọ wa kì í tètè jáde. Ọjọ́ kẹjọ là ń kó o jáde, là ń sọ ọ́ lórúkọ, tí a ń fi oyin àti omi tọ́ ọ lẹ́nu wò. Èyí tí wọ́n bá bí sí ilé agbẹ̀bí tàbí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ìkómọ ni nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ fojú kàn án. Ọjọ́ méje ti lọ nígbà náà. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ yí ọjọ́ ìkómọ padà. Abẹ́rẹ́ ló yẹ kó ṣáájú orúkọ. Ẹ̀yin ìyá agbẹ̀bí, ẹ gba nọ́ńbà fóònù nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín, kí ẹ pè é bí ẹ ṣe ń pe bàbá ọmọ.

Ní 2004 ni Nàìjíríà fi àjẹsára B kún ti ọmọdé. Èmi kò gbà á ní kékeré, ọ̀pọ̀ yín náà kò gbà á. Kí àgbàlagbà kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò. Bí kò bá sí lára rẹ̀, kó gba mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà. Bí ó bá ti wà lára, abẹ́rẹ́ àjẹsára kò lè lé e mọ́, owó rẹ̀ á kàn ṣòfò ni. D kò lè dá rìn, ẹ̀yìn B ló ń gùn. Ẹni tó bá ti gba àjẹsára B ti bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì.

Ẹni tí B jókòó sí lára láìsí ìtọ́jú, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè di àpá, kó le, kó súnkì. Omi á kún inú, ẹsẹ̀ á wú, lọ́jọ́ kan á pọ ẹ̀jẹ̀. Ó tún lè di jẹjẹrẹ. Ìgbà yìí ni mọ̀lẹ́bí máa ń pariwo pé wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ, tí wọ́n á máa wá ìyàwó kékeré tàbí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀. Mo ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí. Bí májèlé bá wà, òun ni ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu, nítorí èébu yẹn àti B jọ ń ran jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Òun náà ni páragà tí wọ́n ń tà ní gáréèjì láti ìdájí, ewé nínú ọtí líle, tí ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ ní láti fọ̀.

Oògùn wà. Fún B, tenofovir àti entecavir. Wọn kì í sábà pa á tán, wọ́n ń dì í mọ́lẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tó ní i kọ́ ló nílò wọn. Dókítà á wọn iye fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀jẹ̀, á wo ẹ̀dọ̀ fínnífínní, á sì máa pè yín padà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, torí B lè dìde pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n lè fún aláboyún tí tirẹ̀ pọ̀ ní tenofovir kí ó má bàa kan ọmọ. Oògùn yìí náà ni ẹni tó ní HIV ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹni tó ní B nìkan sì sábà máa ń sanwó rẹ̀ lápò ara rẹ̀. Ó ń bí mi nínú, mo sì ti gbìyànjú láti fẹ̀dọ̀ lé orí òróòro lórí rẹ̀, kò ṣeé ṣe.

C yàtọ̀. 1989 ni wọ́n tó dá a mọ̀, kò ní àjẹsára, ṣùgbọ́n ó ní ìwòsàn: sofosbuvir àti daclatasvir, ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó sì ń tán lára ẹni tó lé ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó tú àṣírí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ awakọ̀ náà, ẹni tí B wà lára rẹ̀, já sí. Wọ́n yẹ ìyàwó wò, kò ní i, ó sì ti gba abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọmọ méjì àkọ́kọ́ ti gba tiwọn ní ọmọ ọwọ́, B kò sí lára wọn. Ọmọ tuntun gba àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá. Bàbá ra abẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ń lọ fi ara hàn dókítà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ó sì ṣì ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni kò tíì gbà. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣàlàyé títí, ó ní òun ti gbọ́, pé kí Ọlọ́run bùkún ìmọ̀ mi. Bó ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́wọ́, ó ń fọ abọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́tọ̀.